Lẹ́tà ṣíṣí sí àwọn Kọmíṣọ́nnà fún ètò ẹ̀kọ́ àti fún àṣà ní ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: ẹ má jẹ́ kí ìwé tó ń sọ nípa ilé wa kú

Ẹ̀yin Kọmíṣọ́nnà wa ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Oǹdó àti Èkìtì, a kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ lórí Ètò Ẹ̀kọ́ ṣe ìpàdé ní Àkúrẹ́. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí Mínísítà fún Ètò Ẹ̀kọ́ fi kéde ní Àbújá pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ọdún 2022, èyí tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni kí olùkọ́ máa lò báyìí, láti jẹ́léósinmi dé yunifásítì. Àwọn Kọmíṣọ́nnà ètò ẹ̀kọ́ ìpínlẹ̀ wà lára ìgbìmọ̀ tó ṣe ìpinnu yìí, ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n sì ti jókòó ṣe é. Ìdí nìyí tí a fi kọ̀wé sí yín dípò kí a kọ ọ́ sí Àbújá.

Òǹkọ̀wé ni wá, olóòtú ìwé Yorùbá sì ni wá. Ìwé tí à ń sọ ni ìtàn ìlú àti ti agboolé, ìtàn àròsọ tó wáyé ní àdúgbò tí a lè fọwọ́ tọ́ka sí, ewì, eré onítàn, àti ìwé àwọn tó ń wádìí ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀: ẹni tí wọ́n bí sí Agége, tí bàbá rẹ̀ ti Ìgbómìnà wá, ẹni tó dàgbà ní Kàdúná, tí kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni ki oríkì rẹ̀ títí ó fi di géńdé, ẹni tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé, tó bá a pé wọ́n ti wó ilé bàbá rẹ̀ àgbà, wọ́n sì ti fi ibẹ̀ kọ́ ilé epo. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. I. B. Akínyẹlé tẹ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní èdè Yorùbá ní 1911, òun kan náà ló sì jọba Olúbàdàn ní 1955.

Ẹni tó bá ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá lónìí, ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni ọjà tó dá a lójú. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ní òun ò fi Yorùbá kọ́ni mọ́, atẹ̀wéjáde á ka ìwé náà, á yìn ín, á sì dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́. Ohun tí a ń bẹ̀ yín fún, tí a sì ń béèrè lọ́wọ́ yín, nìyí. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ìpínlẹ̀ kò lágbára láti ṣe.

1. Ẹ lo òfin tó wà lọ́wọ́ yín

Ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 kò fi ètò ẹ̀kọ́ sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ìpínlẹ̀ lè ṣòfin lórí rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀. Abala 97 nínú òfin kan náà gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdè tí wọ́n ń sọ ní ìpínlẹ̀ náà kún Gẹ̀ẹ́sì nínú ìjókòó wọn. Ìlànà tí Ìgbìmọ̀ Àpapọ̀ fẹnu kò sí, ìlànà ni. Kò ní agbára òfin tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣí ọ̀nà ní 2018, nígbà tó ṣòfin pé kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba àti ti aládàáni. Ìpínlẹ̀ tí kò bá tíì ní irú rẹ̀, kí ó gbé àbá òfin lọ sílé ìgbìmọ̀. Kí Èkó náà fẹ tirẹ̀ lójú, nítorí pé kíkọ́ Yorùbá bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, fífi Yorùbá kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì lọ́tọ̀.

Bí wọ́n bá ní kò sí ẹ̀rí, ẹ tọ́ka sí Ifẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́, olùkọ́ àkànṣe sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tayọ nínú iṣẹ́ yòókù. Ohun tí àwọn tó ń sọ ìtàn ètò yìí kì í sábà fi kún un ni pé kì bá tí ṣeé ṣe bí kò bá sí ìwé. Wọ́n ní láti jókòó kọ ìwé ìṣirò, ìwé sáyẹ́ǹsì àti ti ìmọ̀ àwùjọ ní Yorùbá kí olùkọ́ tó lè wọ kíláàsì. Òfin tí kò bá ní ìwé nínú, orí bébà ló máa wà.

Kí ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ sọ fún aráàlú bí aṣojú ìpínlẹ̀ yín ṣe dá sí ọ̀rọ̀ náà ní Àkúrẹ́. Ẹ̀tọ́ wa ni láti mọ̀ ọ́n.

2. Ẹ ra ìwé, kí ẹ sì rà á bí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ní ẹ̀ka ìtẹ̀wé tirẹ̀ lábẹ́ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní Ìbàdàn. D. O. Fágúnwà fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láti 1955 sí 1959. Ìjọba ìgbà náà kò dúró de ẹnikẹ́ni láti òkè òkun kí ó tó tẹ ìwé Yorùbá fún àwọn ọmọ rẹ̀. A kò ní kí ẹ tún ẹ̀ka náà dá sílẹ̀. Ìwé rírà tó létò ti tó.

Ìnáwó orí ìwé, ìbẹ̀rẹ̀ ló pọ̀ sí. Owó olóòtú, owó ẹni tó ń to ojú-ewé, owó àwòrán èèpo, owó pléètì (irin pẹlẹbẹ tí a ń ya ojú-ewé sí), àti bébà tó máa ṣòfò kí ẹ̀rọ offset, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá tó ń lo pléètì, tó gún régé: iye kan náà ni, ìbáà jẹ́ ẹ̀dà 100 ni a fẹ́ tẹ̀ tàbí 2,000. Bí òǹkọ̀wé bá tẹ 100, ẹ̀dà 100 yẹn ló máa ru gbogbo ẹrù náà, ìwé á sì wọ́n ju agbára òbí lọ. Ó lè sá lọ sí ẹ̀rọ dígítà, èyí tí kò nílò pléètì. Ìyẹn dára fún ẹ̀dà 50 tàbí 150, ṣùgbọ́n iye orí ẹ̀dà kan kì í wálẹ̀ bí a bá tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ títí. Nígbà tí iye ìwé bá ti ń sún mọ́ 500 ni offset máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dín owó kù. Òǹkọ̀wé Yorùbá kì í dé ibẹ̀ torí pé kò rí ẹni tó máa fọwọ́ sọ̀yà pé òun á ra 500.

Ìjọba ìbílẹ̀ 137 ni ìwé òfin kà fún ìpínlẹ̀ yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: 33 ní Ọ̀yọ́, 30 ní Ọ̀ṣun, 20 ní Èkó, 20 ní Ògùn, 18 ní Oǹdó, 16 ní Èkìtì. Bí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá gba ẹ̀dà márùn-ún péré lára ìwé kan, 685 ti pé. Ẹ̀dà kan fún ilé ìkàwé, mẹ́rin fún ilé-ẹ̀kọ́. Iye yẹn nìkan ti tó láti gbé ìwé kúrò lórí ẹ̀rọ dígítà bọ́ sórí offset, òǹkọ̀wé á sì lè tẹ 1,000, kí ó ta èyí tó kù lọ́jà ní iye tí olùkọ́ lè san. Bí ẹ bá lè bá àwọn ará wa ní Kwara àti Kogi sọ̀rọ̀, àwọn Ìgbómìnà, ará Ìlọrin àti àwọn Òkun kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù sẹ́yìn nínú irú ètò yìí. Ìwé ló ń ṣọ̀wọ́n níbẹ̀, òǹkàwé wà.

Nǹkan mẹ́rin ló máa ń ba irú ètò yìí jẹ́. Èkíní ni owó tó pẹ́: òǹkọ̀wé ti yá owó tẹ̀wé, ìjọba ti gba ìwé, owó kò dé. Ẹ san ìdajì nígbà tí ẹ bá fọwọ́ sí àdéhùn, kí ẹ san ìdajì tó kù láàrin ọjọ́ 30 tí ìwé bá dé. Èkejì ni alágbàṣe. Bí ẹ bá gbé iṣẹ́ fún alágbàṣe tí kò mọ̀wé, ìwé tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù ló máa kó wá, ìgbà mìíràn ayédèrú. Ẹ rà á lọ́wọ́ òǹkọ̀wé tàbí atẹ̀wéjáde rẹ̀ tààrà. Ẹ̀kẹta ni gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé. Gọ́ọ̀mù tí kò dára máa ń gbẹ, á sì sán nínú ooru, ojú-ewé á bẹ̀rẹ̀ sí í já ní sáà àkọ́kọ́. Ìwé tí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ máa lò, ẹ ní kí wọ́n rán an lówùú kí wọ́n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹrin ni kọ́mítì tó ń sọ pé ojú-ewé 200 gééré ni òun fẹ́. Ìdì olójú-ewé 16 ni offset sábà máa ń tẹ̀ jáde. Ìwé ojú-ewé 192 tàbí 208 bá ìdì náà mu. 200 ò bá a mu, bébà tó ṣẹ́kù á lọ sínú àkìtàn, ẹ̀yin lẹ máa sanwó rẹ̀.

Ní ti ibi tí owó ti máa wá: òfin UBE (ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ fún gbogbo ọmọ) ọdún 2004 ti yà owó sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ náà ní ìpínlẹ̀ yín, ń fi owó tirẹ̀ kún un kó tó lè gbà á, ìwé sì wà lára ohun tí wọ́n lè fi owó náà rà. Ẹ kàn kọ ìwé Yorùbá, pàápàá ìwé tí wọ́n kọ ní ìpínlẹ̀ yín, sínú ètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀.

3. Àmì ohùn àti fáìlì ìwé

Ibi tí ìwé Yorùbá ti ń bàjẹ́ jù nìyí. A ó fara balẹ̀ sọ ọ́, nítorí pé ìwé tó ń ti ọ́fíìsì ìjọba jáde pàápàá kì í sábà ní àmì lórí. Ìtàn agboolé tí kò ní àmì, ọmọ agboolé náà tí kò gbé níbẹ̀ rí kò ní lè ka oríkì ara rẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Ẹni tí ìwé náà wà fún gan-an ló máa kọ́kọ́ pàdánù.

Ẹ wo lẹ́tà ẹ́, tó ní àmì lókè àti ní ìsàlẹ̀. Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò fún un ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Méjì ló ń para pọ̀ di ọ̀kan: U+1EB9 fún ẹ, U+0301 fún àmì òkè. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti é, èyí tó jẹ́ U+00E9, á wá fi U+0323 sí abẹ́ rẹ̀. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà, wọ́n yàtọ̀. Bí olùkọ̀wé méjì bá para pọ̀ ṣe ìwé kan, tí oníkálukú sì ń tẹ̀ ẹ́ bó ṣe mọ̀ ọ́n, ẹ wá orúkọ ìlú kan nínú fáìlì náà, kọ̀ǹpútà lè mú ìdajì ibi tó wà wá kó fi ìdajì sílẹ̀. Atọ́ka ẹ̀yìn ìwé á to orúkọ kan náà sí ibi méjì. Kí a sọ gbogbo fáìlì di ẹ̀yà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní NFC, kí olóòtú tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò gba ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Bí a kò bá ṣe é níbẹ̀rẹ̀, ó di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan níparí.

Ti fọ́ǹtì àtijọ́ tún wà níbẹ̀. Kí Unicode tó tàn kálẹ̀, àwọn fọ́ǹtì kan gbé ọ àti ṣ sí ipò tí kọ̀ǹpútà fi sílẹ̀ fún àmì mìíràn. Fáìlì ìgbà náà ṣì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn òǹkọ̀wé àgbà. Ẹ ṣí i lórí ẹ̀rọ tí kò ní fọ́ǹtì náà, gbogbo ọ á di àmì tí kò nítumọ̀. Àwọn kan rò pé ìwé ti bàjẹ́, wọ́n sì jù ú nù. Kò bàjẹ́. Ẹni tó bá mọ fọ́ǹtì tí wọ́n lò lè ya àtẹ ìyípadà, àmì kan sí lẹ́tà kan, kí ó sì dá gbogbo rẹ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni ènìyàn á wá kà á láti orí dé òpin, nítorí àmì kan lè ti dúró fún lẹ́tà méjì.

Ibi tó kàn ni ẹni tó ń to ojú-ewé. Fọ́ǹtì ẹlẹ́wà tó bá rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè má ní ètò tó ń gbé àmì sí orí lẹ́tà. Àmì á bọ́ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ó wọnú lẹ́tà ńlá. Gentium, Charis SIL àti Noto Serif ń ṣe é dáadáa, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Kí wọ́n kó fọ́ǹtì náà sínú PDF kí wọ́n tó fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé. Kí wọ́n má sì sọ lẹ́tà di àwòrán kí olóòtú tó parí àyẹ̀wò, torí pé láti ìgbà náà lọ, kò sẹ́ni tó lè tún ọ̀rọ̀ kan ṣe mọ́ àfi kó tún gbogbo ojú-ewé tò.

Ohun kan wà tí kò náni ní nǹkan: ojú-ewé ìdánwò. Ẹ kọ fáwẹ̀lì méjèèje, a e ẹ i o ọ u, pẹ̀lú àmì òkè àti àmì ìsàlẹ̀, ní lẹ́tà kékeré àti ní lẹ́tà ńlá, 28 nìyẹn. Ẹ fi n àti m tó ń gba ohùn kún un bákan náà, 8. Ẹ fi ṣ àti Ṣ parí rẹ̀. Lẹ́tà 38. Ẹ ní kí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n 11 lórí bébà tí wọ́n máa lò gan-an. Bí ẹyọ kan bá ṣí nípò, ẹ má tíì fọwọ́ sí iṣẹ́ náà.

Àyẹ̀wò ìkẹyìn, orí bébà ni kó ti wáyé. Ojú kọ̀ǹpútà máa ń tan ènìyàn jẹ níbi àmì kékeré. Kí ẹnì kan máa ka ìwé àkọ́kọ́ sókè, kí ẹnì kejì máa fojú bá èyí tí wọ́n tò lọ. Oríkì àti orúkọ ènìyàn, ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́tọ̀, torí pé kò sí ẹ̀rọ tó lè tún un ṣe fún yín, ẹni tó ń to ojú-ewé kò sì lè fi ìtumọ̀ mọ ibi tó ti ṣì í. Bí ìlà oríkì bá gùn ju fífẹ̀ ojú-ewé lọ, kí wọ́n sún ìyókù rẹ̀ wọlé díẹ̀ sí ìlà kejì. Bí wọn ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òǹkàwé á rò pé ìlà tuntun ni, ìmí ewì náà á sì já.

Ohun tí a ń béèrè lábẹ́ nọ́ńbà yìí: kí ilé-iṣẹ́ àṣà ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ìwé kan síta, ojú-ewé kan péré, pé àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 pẹ̀lú àmì ohùn ni gbogbo ìwé Yorùbá tí ìjọba bá tẹ̀ tàbí tó bá rà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, kí ojú-ewé ìdánwò wà nínú gbogbo àdéhùn ìtẹ̀wé, kí wọ́n sì fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà àwọn akọ̀wé yín. Kíbọ́ọ̀dù náà, ọ̀fẹ́ ni.

4. Ẹ̀ka èdè kì í ṣe àṣìṣe

Àkọtọ́ dára, òun ni a fi ń kọ lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ nípa Ọ̀wọ̀, Oǹdó tàbí Ìlàjẹ máa ń nílò gh, kò sì sí i nínú àkọtọ́. Ará Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń sọ ulé níbi tí àkọtọ́ ti ń kọ ilé. Àwọn ẹ̀ka Èkìtì kan ní fáwẹ̀lì mẹ́sàn-án. Àkọtọ́ ní méje. Ẹni tó bá fi èyí sẹ́nu ìyá àgbà nínú ìtàn rẹ̀, àwọn ayẹ̀wéwò ilé-ẹ̀kọ́ á fa ìlà pupa sí i, wọ́n á ní àṣìṣe ni, ìwé á sì bọ́ kúrò nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí. Òǹkọ̀wé tó fẹ́ jẹun á yí i padà. Bí ìyá àgbà ará Ìkàrẹ́ ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò nìyẹn, ọmọ Ìkàrẹ́ tó bá kà á kò sì ní gbọ́ ohùn ilé rẹ̀ níbẹ̀.

Kí àwọn ayẹ̀wéwò gba ẹ̀ka èdè láàyè nínú ìfọ̀rọ̀wérọ̀, nínú orin àti nínú oríkì, níwọ̀n bí òǹkọ̀wé bá ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ tó le ní ìsàlẹ̀ ojú-ewé tàbí lẹ́yìn ìwé. Kí ìpínlẹ̀ sì gbé iṣẹ́ fún yunifásítì rẹ̀, Adékúnlé Ajáṣin ní Àkùngbá, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní Adó, kí wọ́n ṣe ìtọ́sọ́nà kékeré fún kíkọ ẹ̀ka èdè agbègbè wọn: lẹ́tà tí a ó fi kún un, bí a ó ṣe fi àmì sí i, àpẹẹrẹ ogún tàbí ọgbọ̀n.

5. Ohùn àwọn àgbà

Ìwé ìtàn ìlú bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu àgbà, ẹ̀rọ tí a fi gbà á sílẹ̀ ló sì ń pinnu bí a ó ṣe kọ ọ́. Fóònù máa ń fún ohùn pọ̀ kí fáìlì má bàa tóbi. Nígbà tí ẹ bá tún un gbọ́, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ lè ṣòro láti yà sọ́tọ̀, pàápàá lẹ́nu ẹni tí eyín rẹ̀ ti yọ. WAV, irú fáìlì tí kì í fún ohùn pọ̀, ni kí a fi gbà á, 48 kHz, bíìtì 24. Wákàtí kan ní ọ̀nà ohùn kan kò ju nǹkan bí ìdajì gígábáìtì lọ. Kí gbohùngbohùn wà ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ẹnu, kí a pa fáànù àti jẹnẹrétọ̀, kí a sì kọ́kọ́ gba ọjọ́, ibi, orúkọ, ilé tí ẹni náà ti wá àti orúkọ àwọn tó jókòó tì í sílẹ̀. Kí ẹni náà sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun gbà kí a lò ó, àti ohun tí òun kò fẹ́ kí a tẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ọdún 2022 dáàbò bo ẹni tó ṣeré àti àlọ́, orin àti oríkì tó jẹ́ ti àwùjọ. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé kò mọ̀, àwọn àgbà kò sì mọ̀ rárá.

Ìṣòro tó le jù níbí ni ìjà oyè. Ìdílé méjì ń jọba nílùú kan, oníkálukú ní ìtàn tirẹ̀ nípa ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Bí òǹkọ̀wé bá tẹ̀lé ẹnì kan, ẹnì kejì á gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ó tẹ ìtàn méjèèjì síra wọn, pẹ̀lú orúkọ ilé tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kí ó má sì dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ gbówó lórí, àwọn òǹkọ̀wé sì ń bẹ̀rù. Kí ilé-iṣẹ́ àṣà ra ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ bíi mẹ́wàá fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí òǹkọ̀wé máa yá a pẹ̀lú ìwé àdéhùn, kí ẹ̀dà ohùn kan wà lọ́wọ́ ìpínlẹ̀. Bí ẹjọ́ bá dé, ohùn àgbà á sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀.

6. Ìpamọ́

Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897. Ó sọnù lọ́wọ́ atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́kù tún un kọ, ìwé náà kò sì jáde títí di 1921. Orí ire ló yọ ìwé yẹn. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa kò ní àbúrò irú rẹ̀.

Òfin Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ ọdún 1970 ní kí atẹ̀wéjáde fi ẹ̀dà mẹ́ta ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ láàrin oṣù kan tó bá jáde, kí ìjọba ìpínlẹ̀ sì fi ẹ̀dà mẹ́wàá ìwé tirẹ̀ ránṣẹ́. Òǹkọ̀wé tó fúnra rẹ̀ tẹ ìwé ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìkìrun kò gbọ́ nípa òfin yìí rí. Kí ilé ìkàwé ìpínlẹ̀ yín máa gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, kí ó máa fi í ránṣẹ́ fún wọn, kí ó sì pa ẹ̀dà méjì mọ́ fún ìpínlẹ̀. Àmọ́ kí ilé ìkàwé náà tó ohun tí a ń kó ìwé sí: kí pákó ìwé jìnnà sí ògiri níwọ̀n ìka mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ìwé ìsàlẹ̀ má kan ilẹ̀, kí ọ̀rinrin inú yàrá má ju ìdá 60 nínú 100 lọ, nítorí pé òkè ibẹ̀ ni èébu ti ń yọ, kí wọ́n sì máa ṣí ìwé wò lóṣooṣù nígbà òjò. Fáìlì PDF àti ohùn, ẹ̀dà mẹ́ta: méjì lórí ohun ìpamọ́ tó yàtọ̀ síra, ìkẹta ní ìlú mìíràn.

7. Ìwé tí ẹ bá yàn

Ẹ gbé orúkọ àwọn tó ń yan ìwé síta, àti ìlànà tí wọ́n ń lò, àti ìdí tí wọ́n fi kọ ìwé tí wọ́n bá kọ̀. Kí òǹkọ̀wé tí wọn kò gba ìwé rẹ̀ rí ìdí náà gbà ní kíkọ.

Ọjọ́ 90 ni a fún ọ̀rọ̀ yìí láti ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá jáde. Ojú-ewé ìdánwò àti ìwé àkọtọ́ olójú-ewé kan kò gbà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ. Kí ẹ fi wọ́n bẹ̀rẹ̀. Àbá òfin àti owó ìwé rírà, a mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ gba ilé ìgbìmọ̀ kọjá, nítorí náà kí a rí i nínú ètò ìnáwó tó ń bọ̀. Bí ìpínlẹ̀ kan bá fẹ́ kí a wá jókòó pẹ̀lú àwọn akọ̀wé rẹ̀, kí a fi bí wọ́n ṣe ń sọ fáìlì di NFC àti bí wọ́n ṣe ń yẹ ojú-ewé ìdánwò wò hàn wọ́n, a ó wá láìgba kọ́bọ̀. A ń retí ìdáhùn yín ní gbangba, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan.

Àwa ni tiyín,
Òǹkọ̀wé àti olóòtú ìwé Yorùbá